Ẹ Má Dáná Sun Yaa Mansa

Ilé-Ìwádìí Omi Ẹ̀gẹ́,
Ẹ̀yìn Ebu Gàrí Àwọn Obìnrin,
Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 17,
Nkwaeso, Ẹkùn Bono,
Ghana.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Òkúdù, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àmójútó Ohun Àyẹ̀wò Ara Ènìyàn,
Ẹ̀ka ti Bono,
Sunyani.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÌGÒ KÒKÒRÒ TÍ Ń JẸ́ YAA MANSA PADÀ KÍ ỌGBỌ̀NJỌ́ OṢÙ YÌÍ TÓ PÉ, ÀTI Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÀ Ọ̀GBẸ́NI KWAKU NSOWAH

1. Orúkọ mi ni Afua Dufie Brenya. Èmi ni olórí iṣẹ́ ní Ilé-Ìwádìí Omi Ẹ̀gẹ́ ní Nkwaeso láti ọdún 2016. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi bò. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n dúró kí inú mi rọ̀ ná kí n tó gbé kálàmù. Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Kò rọ̀.

2. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ tì ní ọ́fíìsì yín, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, a sì kọ "Yaa Mansa" sí i lára. Ẹ ti kọ̀wé sí mi pé ẹ ó dáná sun ún ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ilé àyẹ̀wò tí kò ní ìwé àṣẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Yaa Mansa kì í ṣe ènìyàn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò yẹn, kò sí itọ́, kò sí ìtọ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni ó wà níbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì ṣẹ́ kù nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọdún méje.

3. Kí ó lè yé yín ohun tí ẹ fẹ́ sun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣe. Ní Nkwaeso, ebu gàrí ni ó ń bọ́ ìdajì ìlú. Bí àwọn obìnrin bá rin ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n sì fún un, omi tí ó ń jáde lára rẹ̀ lójúmọ́ kì í ṣe kékeré. Omi kíkan ni, májèlé sì ni fún ẹja. Odò Asukoko ni ó ń ṣàn lọ tẹ́lẹ̀, títí ẹja fi tán nínú odò náà, tí ewúrẹ́ tí ó bá mu ún náà sì ń kú. Ìjọba ìbílẹ̀ wá sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò gbé omi wọn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n ti ebu pa. Nítorí omi yìí ni a ṣe dá Ilé-Ìwádìí wa sílẹ̀.

4. Kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́. Bí a bá fún un ní omi ẹ̀gẹ́, tí a gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò jẹ ohun dídùn inú omi náà, yóò sì ṣe ọṣẹ sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ọṣẹ ni mo wí, n kò ṣàsọdùn. Ohun tí ó ń mú kí epo àti omi gbà fún ara wọn ni. Ọṣẹ náà ni a fi fọ ilẹ̀ ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan ní Techiman, níbi tí epo ẹ́ńjìnnì ti sọ ilẹ̀ di dúdú fún ogún ọdún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ewéko hù níbẹ̀. Olórí àwọn mẹkáníìkì náà fúnra rẹ̀ pè mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo koríko o! Mo ti gbàgbé pé koríko máa ń hù!"

5. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ọdún àkọ́kọ́, nínú lítà omi kan, ọṣẹ tí à ń rí kò pé ìdajì gíráàmù. Àgbá ogún lítà á máa ṣe wàhálà fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí yóò sì bí fún wa kò tó fọ abọ́ ọbẹ̀ méjì. A sẹ́ omi náà kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè kúrò, a sè é, a jẹ́ kí ó tutù, a yí ìwọ̀n ooru padà nígbà mọ́kànlá. Ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bẹ ọ̀lẹ.

6. Èyí tí ó fẹ́ pa wá ni ìhó. Bí a bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò hó, yóò kún àgbá, yóò gbé ọmọrí kúrò, yóò sì máa rìn lórí ilẹ̀ ilé. Ìwé tí a kà ní kí a máa da òróró sí i kí ó lè dákẹ́. A dà á. Ó dákẹ́ lóòótọ́, ọṣẹ náà sì bá a dákẹ́. Maame Attaa, tí ó ti ń fún ẹ̀gẹ́ ní ebu yẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí ó wò wá títí, tí ó wá ní: "Afua, ohun tí ẹ ń wá ni ó ń sá jáde yẹn, ẹ sì ń nà án padà sínú ilé. Bí ẹ bá ń fọṣọ, ṣé ìsàlẹ̀ omi ni ẹ ti ń wá ọṣẹ ni àbí inú ìhó?" Ojú tì mí. Mo ti lọ sí yunifásítì ọdún mẹ́fà. A dá ihò sí ọmọrí àgbá, a ki páìpù bọ̀ ọ́, a jẹ́ kí ìhó náà máa gba ibẹ̀ lọ sínú àgbá kejì, kí ó máa rọlẹ̀ síbẹ̀. Inú àgbá kejì yẹn ni ọṣẹ wà láti ọjọ́ náà.

7. Maame Attaa yìí kan náà ni ó ni àgbá tí ó dípẹtà. Omi tí ó bá ti inú àgbá tirẹ̀ wá ń fún wa ní ọṣẹ ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi rò pé ìdọ̀tí ni, tí à ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fọ àgbá rẹ̀. Àṣé ìpẹtà irin yẹn gan-an ni kòkòrò náà fẹ́ràn. Níkẹyìn, inú àgbá náà ni a ti rí kòkòrò tí ó dára ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Òun ni ó ń fún wa ní gíráàmù mẹ́ta dín díẹ̀ nínú lítà kan, láti inú omi tí àwọn ẹlòmíràn ń dà nù. Láti ọdún tó kọjá, òun ni ó ń gba àgbá omi méjìlá lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹ̀kán kan tí ó tún kan Asukoko.

8. Mo wá dé ibi orúkọ, níbi tí gbogbo ìbínú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni a kọ́kọ́ ń kọ sára àwọn ìgò. Ní ọdún 2018, ẹnìkan nínú wa ka oókan sí eéje, iṣẹ́ oṣù méjì sì bàjẹ́. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ tí a bá bíni ni a fi ń sọni lórúkọ, kò sì sí ọmọ Akan tí yóò ṣi ìyẹn. Mo pàṣẹ pé ọjọ́ tí a bá rí kòkòrò kan ni kí ó máa jẹ́. Mo sì tẹ̀lé ìlànà àwọn àgbà: kòkòrò tí kò bá tí ì lo ọjọ́ mẹ́jọ nínú ìgò, a kì í sọ ọ́ lórúkọ. Àlejò ni, ó lè padà síbi tí ó ti wá. Èyí tí a rí nínú àgbá Maame Attaa, ọjọ́bọ̀ ni, òun sì ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí a rí lọ́jọ́bọ̀. Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ ọ́, bí kò ṣe Yaa Mansa?

9. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí ó kan ẹjọ́ yìí, pé kòkòrò kò ní akọ, kò ní abo. Ní ilé iṣẹ́ wa, èyí tí ó bá ń ṣiṣẹ́ la ń sọ lórúkọ obìnrin, èyí tí ó bá ń jẹun tí kò ṣiṣẹ́ la ń sọ lórúkọ ọkùnrin. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Kò bá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mu, n kò sì sọ pé ó bá a mu.

10. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kwaku Nsowah, alábòójútó àgbà láti ọ̀dọ̀ yín, wọlé dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yín méjì. Kò kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Ó ṣí fíríìjì wa. Ìgò mẹ́tàlélógójì ni ó bá níbẹ̀, Abena, Kofi, Akosua, Kwadwo, Ama, gbogbo wọn lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyí: "Ọlọ́run mi o! Gbogbo ìlú ni wọ́n kó sínú fíríìjì!" Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ìwé tí àwọn èèyàn wọ̀nyí fi gbà pé kí ẹ gba nǹkan lára wọn dà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

11. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, àlàyé náà sì ń wọlé. Mo fi àgbá hàn án, mo fi ìhó hàn án, mo fi ọṣẹ náà fọ ọwọ́ tí ó lépo lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti kọ "kòkòrò ni, kì í ṣe ènìyàn" sínú ìwé rẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Nsowah ní kí n mú ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa wá. Mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

12. Ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ka á sókè. Ó wá dé ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èrèlé. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan: "A fún Kwaku lóúnjẹ láàárọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, a tún bù fún un. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wú ni, ó ń yọ gáàsì, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Bí ó bá tún rí báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó lé e dànù."

13. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo ti gbàgbé pátápátá pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èrèlé yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Nsowah kọ́kọ́ wá kí wa. Òun kò gbàgbé. Àwọn obìnrin ebu gún fùfú fún un lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́, ó sì ní kí wọ́n tún bu sí i. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, nítorí náà ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

14. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wo àjà. Èkejì wúkọ́, ikọ́ náà kò sì dún bí ikọ́. Ọ̀gbẹ́ni Nsowah pa ìwé náà dé, ó ní, "Mà, èmi lẹ kọ báyìí?"

Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Kòkòrò ni."

Ó ní, "Ẹ tún pè mí ní kòkòrò!"

15. Láti ìgbà yẹn, kò sí àlàyé tí ó tún wọ etí rẹ̀. Mo ní kí ó wá wo ìgò Kwaku fúnra rẹ̀, ó ní òun kì í bá obìnrin aláfojúdi sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìgò náà jáde. Ẹ̀yìn ebu, níbi tí wọ́n ti ń sun èèpo ẹ̀gẹ́, ni wọ́n kó wọn dà sí, wọ́n da kẹrosíìnì lé e, wọ́n ṣáná sí i. Wọ́n ṣí fíríìjì kejì, wọ́n kó ti ibẹ̀ náà. Àgbá ńlá tí ó ń hó lọ́wọ́, tí ó ku ọjọ́ kan péré kí a kó ọṣẹ rẹ̀, ó ní kí wọ́n da oògùn tí a fi ń mú aṣọ funfun sí i. Ojú mi ni ìhó náà ṣe rọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú ọkùnrin tí ó lè jẹ́ àbúrò mi, mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ dìde, mà, ẹ má dójú ti ara yín." Mo ti dójú ti ara mi nígbà náà, n kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

16. Ìgò kan ṣoṣo ni ó mú dání, ó ní ẹ̀rí ni. Yaa Mansa ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ó gùn jù, ó ní ìyẹn ni adájọ́ yóò lè kà. Bí kì í bá ṣe ti orúkọ gígùn, òun náà ì bá ti di eérú.

17. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi irú rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Ìbéèrè tó tọ́ ni, èmi náà sì ti bi ara mi ní gbogbo òwúrọ̀. Ó yẹ kí n ti fi ìgò méjì ránṣẹ́ sí Kumasi fún ìpamọ́ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Mo ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A sì ti tún wá irú rẹ̀ nínú àgbá Maame Attaa, a kò rí i mọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì ní dì í ru ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kọ́ ni ó jí ẹrù ara rẹ̀.

18. Kí ẹ má baà sọ pé ó ti kú, pé kí ni mo tún ń wá: kò kú. Irú kòkòrò yìí, bí ìyà bá ń jẹ ẹ́, yóò wé ara rẹ̀, yóò sì sùn bí irúgbìn. Ooru kọ́bọ́ọ̀dù yín kò lè pa á. Ó lè sùn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ bá mi da omi ẹ̀gẹ́ gbígbóná wọ́ọ́rọ́ sí i, yóò jí. Iná tí ẹ fẹ́ dá ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí nìkan ni kò ní jí láti inú rẹ̀.

19. Mo ti wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, akọ̀wé yín, Abilékọ Gifty, ọmọlúàbí ni, n kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀, wo ìwé ìlànà, ó ní ẹni tí ó ni nǹkan nìkan ni ó lè wá gbà á, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ni Afua. Yaa Mansa ni wọ́n kọ síbí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá."

Mo ní, "Kò lè wá. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀."

Ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Nígbà tó jẹ́ abirùn ni, ẹbí rẹ̀ lè bá a gbà á. Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀ àbí?"

Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó ní, "Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

20. Mo dìde, mo jáde. Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé ni mo ti sunkún, àwọn tí a jọ wọkọ̀ sì ń fún mi ní omi, wọ́n rò pé ọmọ mi ni ó kú. Ní ọjọ́ kejìlá, mo tún wá, wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Nsowah ni ó mú fáìlì náà dání. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, mo tún wá, wọ́n fún mi ní lẹ́tà. Mo dà á kọ síbí: "Níwọ̀n ìgbà tí Yaa Mansa tí à ń wí yìí kò yọjú, tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kankan kò sì yọjú, a ó sun ohun àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Òkúdù." Ọ̀gbẹ́ni Nsowah ni ó fọwọ́ sí i. Ó mọ̀ pé kòkòrò ni. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìhó rẹ̀. Ẹni tí ó mọ òótọ́ tí ó sì fọwọ́ sí irọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, nítorí mo ti rí i pé orúkọ tí mo bá sọ máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

21. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, omi ẹ̀gẹ́ ti kún gbogbo àgbá tí a ní. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó ti tún ń ṣàn lọ sí Asukoko. Ìjọba ìbílẹ̀ ti rán ènìyàn wá wò ó, wọ́n sì ti fún àwọn obìnrin di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Agẹmọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn yóò ti ebu pa. Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ó ń jẹun níbẹ̀. Ní àràárọ̀ ni Maame Attaa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Kì í wọlé mọ́. Ó kàn ń béèrè pé, "Afua, ṣé wọ́n ti dá ọmọ náà sílẹ̀?" Mo ń sọ pé rárá. Ó ń yí padà, ó ń lọ.

22. Nítorí náà, mo ń béèrè nǹkan wọ̀nyí. Kí ẹ gbé ìgò náà fún ilé àyẹ̀wò èyíkéyìí tí ẹ bá fọkàn tán ní Sunyani. Kò ní gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó sọ fún yín pé kò sí ohun ènìyàn nínú rẹ̀. Kí ẹ dá a padà fún mi kí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí tó pé. Kí ẹ sì bi Ọ̀gbẹ́ni Nsowah, lójú gbogbo Ìgbìmọ̀, pé kí ni ó bí i nínú ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí. Bí ó bá dá yín lóhùn pé òfin ni, ẹ ní kí ó ka ojú ewé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èrèlé fún yín. Mo ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

23. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí a ti tọ́ mi nìyẹn. N kò pè é ní ọ̀lẹ. Ní oṣù Èrèlé, n kò ní èrò burúkú kankan nípa rẹ̀.

24. Ó ku ohun kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Obìnrin kan wà ní Nkwaeso tí ń se kẹ́ǹkẹ́ àgbàdo tà ní ibùdókọ̀. Ọmọbìnrin kẹta ni fún ìyá rẹ̀, ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì bí i. Yaa Mansa Ofori ni orúkọ tí ó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí Afua, ṣebí orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i lára? Ẹ jẹ́ kí n lọ gbà á. N ó ní itọ́ mi ni. Ta ni yóò mọ̀?"

25. Mo ní rárá. Mo ní ọdún méje ni mo ti ń kọ ìwé iṣẹ́ yẹn, n kò kọ irọ́ kan sínú rẹ̀ rí. Maame Attaa wà níbẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ tí o kọ náà ni wọ́n fi dáná sun àwọn yòókù, Afua." Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ ohun tí ó tẹ̀ lé e yìí.

26. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ní ọjọ́ kejì rẹ̀ èmi àti Yaa Mansa Ofori yóò jọ wá sí ọ́fíìsì yín. Yóò fi káàdì rẹ̀ hàn. Yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé itọ́ òun ni ó wà nínú ìgò náà, yóò kọ orúkọ bàbá rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, èmi yóò sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà yín, ẹ ó gbé e fún un. Mo ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo tàn yín. Yóò sì wà nínú ìwé ìjọba títí láé pé òótọ́ wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lé e padà. Irọ́ wá lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fún un ní àga.

27. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó wà láàrín òní àti ọjọ́rú yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí inú ń bí, tí ó sì ń retí yín,

Afua Dufie Brenya,
Olórí Iṣẹ́, Ilé-Ìwádìí Omi Ẹ̀gẹ́, Nkwaeso.